Ó Fọ Eruku Wọn Títí Ó Fi Kú

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú, lórí àga. Orí àga ló kú sí torí pé ó ti pé oṣù mẹ́ta tí kò ti lè dùbúlẹ̀ mọ́. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ṣe ló máa dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e láyà. Ọkọ rẹ̀ wá ìrọ̀rí mẹ́rin, ó ki méjì sẹ́yìn rẹ̀, ó ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, bí ẹni tó ń to àwo tanganran sínú páálí kó má bàa fọ́. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó ní, "Àbúrò mi, bá mi ṣí fèrèsé." Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Kò fa sìgá rí láyé rẹ̀. Kò sì ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kankan rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú dáadáa, torí òun ni wọ́n fi ń tì wá síta.

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Ìmọ́tótó, orúkọ náà sì rò ó. Obìnrin tó máa gbá iwájú ilé tirẹ̀ tán, tó máa gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn, tó tún máa wá bẹ aládùúgbò pé kó má bínú. Tó o bá wọ ilé rẹ̀ láìbọ́ bàtà, kò ní bá ọ jà. Á kàn máa wo bàtà náà títí ojú á fi tì ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí kò fi ní ya. "Ìwọ tó mọ̀wé," á ní, "o ò mọ̀ pé a kì í fi agídí bá ìdọ̀tí jà? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni."

Ọkọ rẹ̀, tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páànù onísìmẹ́ńtì, àwọn páànù aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi ń bo ilé. Òkúta kan wà tí wọ́n máa ń lọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì náà kó lè le. Òkúta ọ̀hún kì í kúnná bí iyanrìn. Ṣe ló máa ń tú sí fọ́nrán, tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun, á sì máa fò káàkiri. Bùọ̀dá ló ń da àpò rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ. Tó bá tibi iṣẹ́ dé, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló máa ń dúdú lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa fọwọ́ bo ẹ̀rín: "Ọkọ mi, ṣé iṣẹ́ lẹ lọ ṣe ni, àbí ẹ bọ́ sínú àpò ìyẹ̀fun?"

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń fọ aṣọ iṣẹ́ mẹ́ta, ó sì ní bó ṣe ń ṣe é. A kì í kọ́kọ́ rẹ aṣọ yẹn, torí sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ á dì tí omi bá kàn án, aṣọ á sì gan bíi pákó. A ní láti kọ́kọ́ gbọn ọ́n. Á fi ìborùn àtijọ́ kan di irun rẹ̀, á mú aṣọ náà ní èjìká méjèèjì, á sì gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: pàà, pàà, pàà. Kùrukùru funfun á bo ẹ̀yìnkùlé. Irun rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé imú ni kó dì. Mo mọ bí eruku náà ṣe rí lẹ́nu, torí èmi náà gbọn aṣọ yẹn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo náà gbọn ọ́n, látìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó okùn aṣọ. Ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ó lé ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ikú sínú afẹ́fẹ́, tó dúró sáàárín rẹ̀, tó ń mí, nítorí pé kò fẹ́ kí ọkọ òun lọ síbi iṣẹ́ nínú aṣọ tó dọ̀tí.

Kí ló dé tí ọkùnrin fi ń gbé eruku iléeṣẹ́ wá sílé? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì ní ìdáhùn. Nígbà tí Bùọ̀dá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yàrá ìfọṣọ wà nínú ọgbà iléeṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ ńlá méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n máa fọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn méjèèjì máa ń wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n sì máa ń fi ìbomú onírọ́bà bo imú àti ẹnu. Òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ kọjá géètì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọ̀gá àgbà tuntun dé, ó yẹ ìwé wò, ó ní àṣejù ni yàrá ìfọṣọ. Wọ́n tì í pa. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: "Láti òní lọ, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa tọ́jú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Fúnra rẹ̀! Ẹ gbọ́ ná, ta ni wọ́n rò pé ó máa fọ̀ ọ́? Ṣé ọkùnrin tó ti fi wákàtí mẹ́wàá da àpò òkúta sẹ́nu ẹ̀rọ ló máa délé tán, tó máa wá bàsíà? Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìyàwó wà nílé, pé ìyá wà nílé, pé ọmọbìnrin wà nílé, àwọn tó máa ṣiṣẹ́ tí wọn ò ní béèrè ìbomú. Bí eruku yẹn ò bá léwu, kí ni wọ́n ń fi ìbomú onírọ́bà ṣe nígbà náà? Bó bá sì léwu, ta ló sọ fún wọn pé ewu máa ń dúró ní géètì, kó máa juwọ́ sáwọn tó ń relé?

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ, kékeré, bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ó ní eruku ilé ló fà á, ló bá tún fi kún ilé gbígbá. Nígbà tó yá, kò lè fún aṣọ mọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ìyá Ìmọ́tótó sá aṣọ tí omi ń ro tótótó lára ẹ̀! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fún un." Ó ní, "Oòrùn á bá mi fún un." Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín.

Ní ọsibítù, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa omi kúrò nínú àyà rẹ̀. Omi náà kún ike méjì. Dókítà, obìnrin àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, fa àga jókòó tì wá.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, mà?"

"Mi ò ṣiṣẹ́, dókítà. Ilé ni mo wà."

"Ẹ ò ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe páànù onísìmẹ́ńtì?"

"Èmi kẹ̀? Ọkọ mi ló wà níbẹ̀."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ wọn?"

Ẹ̀yìn wa ni Bùọ̀dá jókòó sí. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ha ilẹ̀. Ó ti dìde, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Èmi ni mo gbé e wálé," ó ní. "Èmi ni mò ń dì í sínú ọ̀rá, èmi ni mò ń gbé e lé e lọ́wọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀, torí ojú abẹ́rẹ́ ṣì ń dùn ún. "Ẹ jókòó, jàre. Ṣé ẹ mọ̀ ni?"

Ẹni tó mọ̀ ò sí nínú yàrá yẹn. Ẹni tó mọ̀ wà ní ọ́fíìsì tó tutù.

Dókítà ní jẹjẹrẹ tó ń mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó lè sápamọ́ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá fi máa yọjú, ó ti ta gbòǹgbò. Kò parọ́ fún wa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, Bùọ̀dá ò gbé aṣọ iṣẹ́ wálé mọ́. Omi ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì iléeṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́ aṣọ, tó ń bu omi sára, tó ń wọ òmíràn. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ dá a dúró. "Bàbá, ẹ má bínú o, àlejò ń bọ̀ lọ́la. Kò bójú mu kí wọ́n bá àgbàlagbà ní ìhòòhò lẹ́nu géètì."

Ṣé ẹ mọ irú àlejò wo? Àlejò Ọjọ́ Ìlera Òṣìṣẹ́ ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n pín fìlà aláwọ̀ ewé, wọ́n rìn yípo ọgbà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ya fọ́tò. Obìnrin kan gun orí pèpéle, ó ní kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n máa sùn fún wákàtí mẹ́jọ, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ń mú ẹ̀mí gùn. Wọ́n wọn ìfúnpá Bùọ̀dá, wọ́n bá a lókè téńté. Ọmọbìnrin tó wọ̀n ọ́n fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Bàbá, ẹ dín ìrònú kù." Ìyàwó rẹ̀ ń kú lọ nílé, wọ́n ní kó dín ìrònú kù! Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ pa làpálàpá. Fìlà ni wọ́n dé e.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n mi kú, dókítà ní ó nílò ẹ̀rọ tó ń fún aláìsàn ní afẹ́fẹ́, kó máa lò ó nílé. Gbogbo èyí tó wà ní ọsibítù ló ti wà nímú ẹlòmíràn. Bùọ̀dá wá rántí pé irú rẹ̀ kan wà ní yàrá ìtọ́jú iléeṣẹ́ wọn. Àwa méjèèjì jọ lọ. Lẹ́nu géètì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó: Ọjọ́ 2,306 láìsí ìjàǹbá.

Ọ̀gá ètò ìlera àti ààbò òṣìṣẹ́ fi ọ̀yàyà gbà wá. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ò lè fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó gbé omi tútù fún wa, ó kí wa kú ìrọ́jú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò rí wa fín rárá, torí ìkà tó fi ọmọlúàbí bora ló ṣòroó bá jà jù.

"Kí ni nọ́ńbà òṣìṣẹ́ wọn, sà?"

"Ìyàwó mi ni," Bùọ̀dá dáhùn. "Kò ní nọ́ńbà."

"Háà. Ẹ̀rọ yẹn, sà, òṣìṣẹ́ nìkan ló wà fún."

"Òṣìṣẹ́ wo ló ń lò ó báyìí?" Èmi ni mo béèrè.

"Kò tíì sẹ́ni tó lò ó, mà. A kàn ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ọ̀rá tó bá a wá ṣì wà lára ẹ̀."

"Ẹ yá wa. Ẹ jẹ́ ká tọwọ́ bọ̀wé."

"Tó bá jẹ́ tèmi ni, ǹ bá ti gbé e fún yín. Àmọ́ wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, mà."

Ìgbà yẹn ni Bùọ̀dá kúnlẹ̀. Ọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ látàrí àpò gbígbé, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ọmọ tó lè bí. "Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélógún ló fi fọ aṣọ yín. Aṣọ yín ni. Orúkọ yín ló wà láyà aṣọ náà. Tí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ yín, iṣẹ́ ta ló wá ń ṣe?"

Ọ̀gá náà bú sẹ́kún. Ẹkún gidi ni, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Síbẹ̀, kò gbé ẹ̀rọ náà fún wa. Ó ní òun máa kọ̀wé sókè. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọ yìí sunkún, kò ríran.

Nígbà tí a ń jáde, Bùọ̀dá fà mí lápá, ó mú mi yà síbi yàrá kan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n kọ "Ìlera Lọrọ̀" sára gíláàsì náà. Yàrá eré ìdárayá ni. Ẹ̀rọ téèyàn ń sáré lórí ẹ̀ tí kì í kúrò lójú kan wà níbẹ̀, àti dígí gbọọrọ, àti bọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n ń jókòó lé. Ẹyọ èèyàn kan ò sí nínú rẹ̀. Bùọ̀dá tọ́ka sílẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rọ ìsáré náà, mo rí ihò kan tí wọ́n fi irin bò, irú èyí tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde.

"Yàrá ìfọṣọ nìyí," ó ní.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níṣojú yín rí? Ohun kan ṣoṣo tó ń dáàbò bo ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará ilé wọn, òun ni wọ́n fọ́, kí wọ́n tó ríbi gbé ìlera sí! Mo bi Bùọ̀dá bóyá ó ti wọlé síbẹ̀ ṣeré ìdárayá rí. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé àpò tí mò ń rù látàárọ̀ ò tíì tó eré ìdárayá ni?" ló fi dá mi lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń wá èémí, bí ẹni tó ń fi korobá ha ìsàlẹ̀ kànga tó ti gbẹ. Ìwọ̀nba okun tó kù, ìmọ́tótó ló ń fi ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun rí eruku níbẹ̀. Mo wò ó, kò sí nǹkan kan. "Ó wà níbẹ̀," ó ní, "ìwọ ni o ò rí i." Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé ọkàn, torí òótọ́ ló sọ. Èyí tó pa á, ojú ò rí i. Bùọ̀dá gbé ìgbálẹ̀, ó gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò dọ̀tí, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wò ó títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ló lọ.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìsìnkú ni èsì tó dé láti iléeṣẹ́. Wọ́n bá Bùọ̀dá kẹ́dùn lórí "ikú ará ilé rẹ̀". Wọ́n ní àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, olóògbé kì í ṣe òṣìṣẹ́, nítorí náà yíyá ẹ̀rọ kò bá ìlànà mu. Wọ́n mọ̀ pé ó ti kú, wọ́n sì tún jókòó kọ̀wé pé àwọn ò ní yá a ní afẹ́fẹ́! Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n pè é sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí béèyàn ṣe lè fara da ọ̀fọ̀, ní yàrá eré ìdárayá. Kó mú ike omi tirẹ̀ dání. Bùọ̀dá kà á, ó ká a, ó tún tú u, ó tún kà á. Ó bi mí pé, "Ṣé yàrá yẹn náà ni?" Mo ní òun ni.

Ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ o. Ẹ má bi mí ìdí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn, níbo ni yóò lọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ ya fọ́tò àyà. Wọ́n ní tèmi mọ́, ní báyìí ná. Ní tirẹ̀, wọ́n rí àbàwọ́n kékeré kan lápá òsì. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń tọ́ ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀, ó bi mí pé, "Àǹtí mi, oṣù mẹ́fà tí wọ́n sọ yẹn, ṣé wọ́n fẹ́ wò ó bóyá ó máa lọ ni, àbí bóyá ó máa dàgbà?" Mo purọ́ fún un. Èmi tí mò ń fi òótọ́ jẹun, mo wo ojú ọmọ náà, mo purọ́ fún un.

Mo ti rìn ní òpópónà tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yẹn pọ̀ sí. Mo kan ilẹ̀kùn. Obìnrin mọ́kànlá ló jókòó bá mi sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló ń gbọn aṣọ náà kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Mẹ́rin ń wúkọ́. Ìyá arúgbó kan, tó ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ní láti sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí gbólóhùn kan. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Àwọn obìnrin yìí ti gbọ́ òwe náà, ó ti yé wọn. Ta ló kù tí kò tíì yé?

Ẹ̀yin alábẹ̀wò ìjọba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá lọ́dọọdún, tẹ́ ẹ máa ń ka iye agolo tí wọ́n fi ń paná, tẹ́ ẹ máa ń buwọ́ lùwé, tẹ́ ẹ máa ń dé fìlà aláwọ̀ ewé padà sí ọ́fíìsì yín: ṣé ẹ bi ẹnikẹ́ni rí pé níbo ni aṣọ wọ̀nyí ti ń mọ́? Ẹ kó àwọn ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù láti ọdún mọ́kànlélógún síta. Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, mi ò bá yín sọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn. Ẹ kó ẹ̀rọ ìdárayá yín kúrò, kẹ́ ẹ dá yàrá ìfọṣọ padà, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ fún gbogbo obìnrin tó fọ aṣọ yín, àti gbogbo ọmọ tó dàgbà sínú ilé wọ̀nyẹn, ní àyẹ̀wò àyà àti ìtọ́jú, lọ́wọ́ dókítà tí kì í ṣe tiyín. Kẹ́ ẹ sì mú un jáde, ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti yàrá náà pa. A gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì, pé ara rẹ̀ le, pé àwọn ọmọọmọ rẹ̀ yí i ká. Kó wá dúró níwájú Bùọ̀dá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó mọ̀ nípa eruku yẹn lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Àwa tá a kó o, a ò ní gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àwa obìnrin méjìlá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa wà lẹ́nu géètì yín. A ò ní jó, a ò ní fọ́ nǹkan kan. Ìdáhùn la wá gbà. Tẹ́ ẹ bá ní ká lọ ká bọ̀ lọ́la, a máa bọ̀ lọ́la, a sì máa bọ̀ lọ́tùn-únla. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, torí àwọn kan nínú wa ò ní èémí tí wọ́n á fi dúró.